Ẹni Tí Ó Yá Ilé fún Ojú Òpó Rẹ̀, Kí Ó Di Kọ́kọ́rọ́ Mú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Òwe yìí kò ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì, ní Kàdúná, ní Mìnà tàbí ní Port Harcourt. Ẹni tí ó ti gbé ìdálẹ̀ fún ogún ọdún mọ ohun tí ilé àyágbé jẹ́. Ó mọ̀ pé kí ènìyàn tó san owó ilé, ó yẹ kí ó bèèrè ẹni tí onílé í ṣe, kí ó yẹ òrùlé wò, kí ó mọ ibi tí omi ti ń wá, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí owó tí ó san. Ṣùgbọ́n ohun ìyanu ni pé nígbà tí ẹni kan náà yìí bá fẹ́ ní ojú òpó lórí ayélujára fún òwò rẹ̀, fún ìjọ rẹ̀ tàbí fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀, kì í bèèrè ohunkóhun. Yóò kó owó lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́, yóò ní kí ó bá òun ṣe é, yóò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí di ọjọ́ tí ojú òpó náà yóò di àwátì.

Ojú òpó ayélujára kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán mọ́. Òun ni ẹni tí ń ta aṣọ òfì ní Sábón Gàrí fi ń fi ọjà rẹ̀ han oníbàárà tí ń bẹ ní Àbújá. Òun ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi ń kéde ọjọ́ ìpàdé, tí wọ́n fi ń gba orúkọ àwọn ọmọ tí ń wá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ bí owó tí wọ́n dá fún kíkọ́ gbọ̀ngàn ṣe ń rìn. Ohun tí ó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní fífi ṣeré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa bèèrè pé ilé-iṣẹ́ wo ni ó dára jù láti gbé ojú òpó sí. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé: orúkọ ta ni a fi gba ilé náà, lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, ǹjẹ́ ayálégbé sì lè kó ẹrù rẹ̀ jáde lọ́jọ́ tí ó bá wù ú?

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ yéni yékéyéké. Ojú òpó kò ju ìwé àti àwòrán tí a tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà kan tí kì í sùn lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pè é láti ibikíbi ní ayé, yóò dá a lóhùn. Nígbà tí Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ojú òpó àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ibùdó ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì CERN ní Switzerland, ó lẹ ìwé mọ́ ara kọ̀ǹpútà tí ó gbé e, ó sì fi tàdáwà pupa kọ ìkìlọ̀ sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á. Bí kọ̀ǹpútà bá kú, ojú òpó náà kú nìyẹn. Ní orílẹ̀-èdè tí iná mànàmáná ti ń wá tí ó ń lọ, ta ni yóò máa fi jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ kọ̀ǹpútà kan tọ̀sán tòru nínú pálọ̀ rẹ̀? Ìdí nìyí tí ènìyàn fi ń yá àyè lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ni onílé. Ẹni tí ó ni ojú òpó ni ayálégbé.

Orúkọ ni àkọ́kọ́

Nǹkan méjì ni ayálégbé ń san owó fún, àwọn tí kò mọ̀ sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni orúkọ, èyí tí ó máa ń parí sí .com, .org tàbí .ng. Èkejì ni ilé tí ojú òpó ń gbé. Ọdún 1995 ni a fi .ng sínú ìwé orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àjọ NiRA ni ó sì ń bójú tó o lónìí. Àjọ yìí fún àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní àṣẹ láti máa bá aráàlú fi orúkọ sílẹ̀. Oníṣòwò lè gba .com.ng, ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè sì lè gba .org.ng. A kì í ra orúkọ yìí ní àrà-gbẹ́yìn. Ọdọọdún, tàbí ọdún mélòó kan lẹ́ẹ̀kan, ni a ń sanwó rẹ̀. Ẹni tí a kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí olórúkọ ni ẹni tí wọ́n mọ̀, kì í ṣe ẹni tí owó ti àpò rẹ̀ jáde.

Níbi yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń fi ẹsẹ̀ kọ. Bí a bá mú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Òkè Ọya gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa ń bẹ̀ níṣẹ́. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ àti ímeèlì ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, nítorí pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó bá ọ̀nà òkè òkun lọ. Ìwé ìránnilétí pé owó orúkọ ti fẹ́ẹ́ tán ń lọ sí ímeèlì tí kò lò mọ́. Bí orúkọ tí ó parí sí .com bá kọjá ọjọ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ó fi í sílẹ̀ lè fún olórúkọ láyè tí kò ju ọjọ́ 45 lọ. Bí wọ́n bá ti wá yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, ọjọ́ 30 ni ó kù láti fi owó tí ó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ rà á padà. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ 5 péré ni ó kù kí orúkọ náà tó di ti ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́kọ́ nawọ́ gán an. Àwọn kan sì wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí bàbá àgbà kan ní ìlú bá tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sórí fóònù rẹ̀, tí ó bá bá àwọn atatẹ́tẹ́ pàdé níbẹ̀, ta ni yóò gbé ojú wo?

Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ kò le. Kí ẹgbẹ́ dá ímeèlì sílẹ̀ ní orúkọ ẹgbẹ́, kí akọ̀wé àti akápò jùmọ̀ mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé tí olóyè tuntun yóò gbà lọ́wọ́ olóyè tí ó ń kúrò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gba ìwé báńkì. Kí orúkọ ẹgbẹ́ wà nínú ìwé, kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣiṣẹ́. Ó tún dára kí a gba orúkọ ní ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, kí a sì yá ilé ní ọ̀dọ̀ òmíràn. Bí ìjà bá dé láàrin ayálégbé àti onílé, onílé kò ní lè mú orúkọ mọ́ ẹrù. Òfin àjọ ICANN, tí ó ń darí ọ̀rọ̀ orúkọ lágbàáyé, fi àṣẹ fún ẹni tí ó ni orúkọ .com láti gbé e kúrò níbi tí ó wà. Ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ 5 lọ kí ó tó fún un ní nọ́ńbà àṣẹ tí yóò fi gbé e, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè dá orúkọ tí kò tíì pé ọjọ́ 60 tí a fi í sílẹ̀ dúró.

Irú ilé tí ó wà

Nígbà tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá ti yanjú, ó kan ilé. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan dà bí ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé ń lo ilé ìwẹ̀ kan: ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú òpó ni ó lè wà nínú kọ̀ǹpútà kan. Ó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n bí ayálégbé kan bá ń ṣe àríyá, gbogbo ilé ni kò ní rí oorun sùn. Èkejì dà bí fúláàtì tí ó ní mítà iná tirẹ̀ nínú ilé ńlá. Ẹ̀kẹta ni kí ènìyàn yá odidi ilé. Ẹgbẹ́ tàbí oníṣòwò kékeré tí àlejò rẹ̀ kò pọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní yàrá kan láìsí ìtìjú. Ohun tí kò yẹ kí ó gbà gbọ́ ni ìpolówó tí ó sọ pé àyè náà kò lópin. Kò sí yàrá tí kò ní ògiri. Bí a bá ka ìwé àdéhùn dé ìsàlẹ̀, a ó rí i pé òpin wà fún iye fáìlì àti fún agbára kọ̀ǹpútà tí ènìyàn kan lè lò.

Ìlérí mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a fi ìṣirò dán wò. Ilé-iṣẹ́ kan lè sọ pé ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ni ojú òpó yóò fi máa ṣiṣẹ́. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ìdá kan tí ó kù tó ọjọ́ mẹ́ta àti ààbọ̀ nínú ọdún. Èyí tí ó bá ṣe ìlérí 99.9 lè kú fún nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú 45 lọ́dún láìṣẹ̀ sí àdéhùn. Kí ayálégbé bèèrè iye tí wọ́n ṣe ìlérí, kí ó sì bèèrè ohun tí wọn yóò san bí wọ́n bá yẹ̀ é.

Ilé ńlá pàápàá a máa jó. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2021, iná sọ ní ibùdó kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ OVHcloud ní ìlú Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé. Ilé kan tí wọ́n ń pè ní SBG2 jó kanlẹ̀, iná sì ba apá kan jẹ́ nínú èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n àìmọye ojú òpó ni ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà, àwọn kan kò sì rí ẹrù wọn mọ́ títí láé, nítorí pé ọgbà kan náà ni ẹ̀dà tí wọ́n fi pamọ́ wà. OVHcloud kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí onílé tilẹ̀ sọ pé òun ń tọ́jú ẹ̀dà lójoojúmọ́, kí ayálégbé máa gba ẹ̀dà tirẹ̀ lóṣooṣù, kí ó tọ́jú rẹ̀ sí ilé rẹ̀, kí ó sì máa tú u wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó pé.

Èkó ni tàbí òkè òkun?

Ọ̀pọ̀ ń jiyàn pé ilé tí ó wà ní òkè òkun ni ó dára jù. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà ńlá mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì fà ní Nàìjíríà àti ní Gánà, àwọn báńkì pàápàá sì rí ìyọnu. Ojú òpó tí ilé rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà ní láti sọdá òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kà á ní Ìbàdàn. Èyí tí ilé rẹ̀ wà ní Èkó kò nílò bẹ́ẹ̀. Àwọn ibùdó kọ̀ǹpútà tí ó péye sì ti wà ní Èkó báyìí, irú èyí tí ó wà ní Òrégùn àti ní Lẹ́kìí.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀, òun ni ó sì ń pa ẹgbẹ́ kékeré lára jù. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹgbẹ́ tí ń san 100 dọ́là lọ́dún fún ilé ojú òpó rẹ̀ bá owó tí kò tó 50,000 náírà tí ó di 150,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìjẹ́ pé onílé fi kọ́bọ̀ kan kún owó ilé. Ní 2022 bákan náà, ọ̀pọ̀ báńkì dín ohun tí ènìyàn lè fi káàdì náírà ná ní òkè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù. Ẹlòmíràn ní owó lọ́wọ́, kò sì rí ọ̀nà san án. Nítorí náà, fún ẹgbẹ́ tí náírà ni ọmọ ẹgbẹ́ fi ń san owó oṣù, ilé-iṣẹ́ tí ń gba náírà tí ó sì ní ẹni tí ń gbé fóònù ní Nàìjíríà sàn ju èyí tí ó fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yá jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kí a bèèrè dáadáa: àwọn kan nínú àwọn onílé tí ń gba náírà, ayálégbé ni àwọn náà lọ́dọ̀ àwọn ará òkè òkun. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí ayálégbé mọ ẹni tí onílé rẹ̀ ń san owó fún.

Ẹni tí yóò kọ èdè Yorùbá sórí ojú òpó rẹ̀ tún ní ohun kan láti yẹ̀ wò. MySQL ni ọ̀pọ̀ ojú òpó fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀dà 8.0 rẹ̀ tó jáde ní 2018, lẹ́tà àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Níbi tí ètò àtijọ́ yìí bá ṣì wà, ẹ, ọ àti ṣ lè di àmì ìbéèrè. Kí ènìyàn tó san owó ọdún, kí ó gba oṣù kan láti fi dán an wò, kí ó kọ orúkọ ìlú bí Ọ̀ṣogbo àti Ògbómọ̀ṣọ́ sí i pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì wò ó bóyá yóò jáde bí ó ti kọ ọ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ààbò. Bí ogiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àgádágodo tí ń jẹ́ kí https hàn níwájú orúkọ ojú òpó ti di ọ̀fẹ́ láti ìgbà tí àjọ Let's Encrypt ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015. Onílé tí ó bá ń gba owó gọbọi lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kékeré, kí a bi í léèrè ìdí. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 sì di ẹrù lé ẹgbẹ́ tí ń gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ènìyàn. Ẹgbẹ́ kò lè sọ pé onílé ni ó jẹ́ kí olè wọlé, kí ó sì fọwọ́ nu ẹnu.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ ńkọ́?

Àwọn kan yóò wí pé kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún, nígbà tí Facebook kò gba kọ́bọ̀. Ọjà dára láti polówó, ṣùgbọ́n a kì í kó ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí abẹ́ àtẹ ọjà. Ní 1994 ni a dá GeoCities sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gba àyè lọ́fẹ̀ẹ́. Yahoo rà á ní 1999, ó sì tì í pa ní oṣù kẹwàá 2009. Àìmọye ojú ewé ni ìbá ti parẹ́ pátápátá, bí kò bá ṣe pé àwọn olùfẹ́ ìtàn sáré kó ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ pamọ́. Ẹni tí kò san owó ilé kò ní ẹnu láti bá onílé sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ó bá ní kí gbogbo ènìyàn jáde. Kí a máa fi Facebook pe àlejò. Kí ilé tí a pè é wá jẹ́ èyí tí a mọ onílé rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní ìdálẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí a ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Ọ̀mọ̀wé Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Èjìgbò àti Ṣakí tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣòwò níbẹ̀ wà lára àwọn tí ó di ẹrù. Èyí tí ọwọ́ wọn ká ni wọ́n gbé. Ojú òpó kò tó ilé, kò sì tó ọjà tí a kó sílẹ̀ ní Kùmásì; ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó kan àwọn bàbá ìgbà náà ni ó kan ẹgbẹ́ tòní: bí ilẹ̀ bá mọ́ tí onílé ní kí a jáde, kí ni yóò wà lọ́wọ́?

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ètò ìpàdé tí ń bọ̀. Kí alága bi akọ̀wé léèrè pé orúkọ ta ni ó wà nínú ìwé, ímeèlì wo ni ìránnilétí ń lọ sí, ọjọ́ wo ni owó yóò tán, àti ibo ni ẹ̀dà oṣù tí ó kọjá wà. Bí ìdáhùn bá wà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, onílé tí ó wù kí wọ́n yàn, wọn kò lè ṣe àṣìṣe tí kò ní àtúnṣe. Bí ìdáhùn kò bá sí, onílé tí ó dára jù lọ ní ayé kò lè gbà wọ́n. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.